Ààwẹ̀ Tí Ẹnìkan Ò Rán Jameelah

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Muṣin mọ̀ pé ojú mi kì í tàn mí lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Saidat ni orúkọ mi, ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ní ìsàlẹ̀ ilé bàbá wa. Bí ọmọ bá yọ lókèèrè, mo ti mọ iye tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ kí n tó fa téèpù yọ. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé mi ò rí i pé Jameelah, ọmọ àbúrò mi, ń rù. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ohun tí mo wá fi ohun tí mo rí ṣe ni ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn ará ilé wa ti ń sọ ọ́ bíi pé ìyá ọmọ nìkan ló jẹ̀bi.

Taoheed, bàbá Jameelah, ni àbígbẹ̀yìn ìyá wa. Fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe. Muinat ni ìyàwó rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà kan ní Yábàá. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi jọ gbé yàrá méjì nínú ilé wa. Àbúrò mi kì í na obìnrin, kì í mutí, mo sì máa ń fi ìyẹn yangàn níbi gbogbo. Ohun tí mi kì í fi kún un ni pé bí inú bá bí i, ńṣe ló máa ń yadi. Ó lè lo oṣù mẹ́ta kó má bá ìyàwó rẹ̀ sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Jameelah ló máa ń rán sí i, nínú yàrá kan náà, bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe jókòó. "Sọ fún mọ́mì ẹ pé iná ti fẹ́ tán nínú mítà." Ìyá náà á dáhùn, á ní kí ó sọ fún dádì ẹ̀ pé òun ti gbọ́.

Láti ọmọ ọdún méje ni Jameelah ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù, á yọ líle rẹ̀ kúrò kó tó fi jẹ́ ẹni kejì. Bí bàbá bá ní "sọ fún un pé ọbẹ̀ rẹ̀ ò dùn," ọmọ á ní dádì sọ pé ebi ò fi bẹ́ẹ̀ pa àwọn lónìí. Àwa àgbà ilé máa ń rẹ́rìn-ín. A ní ọmọ náà gbọ́n, pé orí àgbà ló gbé wáyé.

Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni Taoheed wá sọ ọ́. Ó ní òun kọ Muinat sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́, níwájú ìyá wa, Alhaja Ìdíátù, níwájú èmi, àti níwájú Ààfáà Yẹ̀kínnì tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú. Ààfáà bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbẹ̀bẹ̀. Ni Ààfáà bá ṣàlàyé bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ó ní obìnrin tí wọ́n kọ̀ lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe ìddah, ìyẹn àkókò ìdúró, nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Láàárín àkókò yẹn, bí ọkọ bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà á padà, ìyàwó rẹ̀ náà ni, wọn ò ní ṣe ìgbéyàwó mìíràn. Bí àkókò bá ti kọjá, ó parí nìyẹn. Ààfáà tún sọ pé inú ilé ọkọ ló yẹ kí obìnrin ti ṣe ìddah náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni Muinat kó lọ sí yàrá kan tó gbà ní Láwànsọn. Èmi gan-an ni mo gbé àpótí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, kì í sì í ṣe torí àánú.

Jameelah ló gbé omi tútù wá fún Ààfáà lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ó dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn pẹ̀lú tírè lọ́wọ́ títí ọ̀rọ̀ fi parí. A ò lé e jáde, torí ojú wa ti mọ́ ọn láàárín wa.

Ìpinnu tí a ṣe ni pé kí ó máa gbé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ láti Mọ́ńdè. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, kó wá sọ́dọ̀ wa, kó lè máa lọ sí kéwú ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ààfáà kọ́ wọn pé àdúrà ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í padà lófo. Ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ ọmọ láti bí ogójì ọdún ni, kò ro nǹkan kan sí i. Àmọ́ Jameelah fi ẹ̀kọ́ yẹn lé orí ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ó ka oṣù mẹ́ta sí àádọ́rùn-ún ọjọ́, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kéwú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ kí bàbá rẹ̀ lè sọ pé òun gba ìyá rẹ̀ padà kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni ọmọ ṣe gbààwẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù méjì nínú ilé méjì tí ẹnìkan ò mọ̀. Ilé méjì náà gan-an ló mú kó rọrùn. Ní Láwànsọn, ìyá rẹ̀ ti ń jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀. Oúnjẹ tí ìyá bá dì fún un, á pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Bí ìyá bá fi máa padà dé, oòrùn ti wọ̀, ọmọ á tọ́ oúnjẹ wò díẹ̀, á ní àwọn jẹun níléèwé. Bó bá dọ́dọ̀ wa, á ní òun ti jẹun kí òun tó wá. Bó bá ti kéwú dé, á ní wọ́n pín mọ́ínmọ́ín fún àwọn lọ́hùn-ún. Bó bá padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Sọ́ńdè, á ní a ti fún òun ní àjẹyó. Kì í jẹ sàárì, torí bó bá dìde láàárọ̀ kùtù, ẹnìkan á gbọ́. Muinat rò pé àwa là ń fún un lóúnjẹ, àwa náà rò pé Muinat ni. Kò sì sẹ́ni tó lè gbé fóònù kó bi ẹnì kejì, torí a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Jameelah ló ń bá wa sọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí iléèwé wọlé, ìbàdí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́rìnlélógún. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó wá sí ìsọ̀ mi, ó ń fọwọ́ di síkẹ́ẹ̀tì mú kó má baà bọ́. Mo wọ̀n ọ́n, ó ti di méjìlélógún. Ẹni tó bá ní làákàyè á bi ọmọ pé kí ló ń ṣe ẹ́. Èmi bọ́ síkẹ́ẹ̀tì náà lára rẹ̀, mo gbà á wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé ìwọ̀n mi pẹ̀lú déètì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tún gbà á wọlé, mo tún kọ ọ́. Mo fẹ́ kó ìwé náà síwájú mọ̀lẹ́bí kí gbogbo wọn rí i pé ebi ni Muinat fi ń pa ọmọ wa, kí a lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Kí n má parọ́, ńṣe ni inú mi máa ń dùn díẹ̀ nígbàkúgbà tí iye orí téèpù bá tún wálẹ̀. Mo ṣì ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run lórí ìyẹn.

Kì í ṣe ara nìkan ló ń rù. Ọmọ tó ń fo okùn káàkiri àgbàlá tẹ́lẹ̀ wá ń jókòó ti máṣíìnì mi, ó ń fi eyín gé èékánná títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ. Bí àgbà méjì bá ń sọ̀rọ̀ sókè, kódà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, á dìde, á wá ibìkan dúró sí láàárín wọn. Èmi náà ò sì jẹ́ kó sinmi. Mo ń bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ sè, ta ló wá kí i, ṣé ó ń sọ̀rọ̀ wa. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ju gbólóhùn kan lọ. Lọ́jọ́ kan ló kọjú sí mi fúnra rẹ̀, ó bi mí bóyá ààwẹ̀ ẹni tó bá gbé itọ́ mì ti bàjẹ́. Mo ní kí ló kan ọmọdé nínú ìyẹn nígbà tí Ràmàdáànì ṣì jìnnà, pé kó bá mi wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́. Ó wá a rí, ó fún mi.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo tilẹ̀ wà nídìí ọmọ náà, orí sì wọ́.

Miss Gertrude, olùkọ́ rẹ̀, ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́ pé ọmọ náà ń sùn ní kíláàsì, pé ipò kẹta tó máa ń mú ti di ìkọkànlélógún. "Sí àwọn òbí Jameelah" ló kọ sára rẹ̀. Ọmọ náà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ò mọ ilé tó yẹ kí òun gbé e lọ nínú méjèèjì, torí náà òun fi í sínú báàgì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i.

Ní oṣù Disẹ́ńbà, a fi ìpàdé mọ̀lẹ́bí sí ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ìwé ìwọ̀n mi sì ti wà nílẹ̀ dè é. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni Miss Gertrude pe Taoheed pé Jameelah ṣubú lulẹ̀ lórí ìlà àárọ̀ níléèwé, pé wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Sùúrùlérè. Èmi àti àbúrò mi jọ sáré lọ. Muinat ti débẹ̀ kí a tó dé, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú káàdì iṣẹ́ lọ́rùn. Mi ò kí i, n kò sì dúró kó kí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo ní apànìyàn ni, mo ní ọmọ wa ò ní kú sí i lọ́wọ́. Muinat fèsì pé gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni ọmọ ń ti ọ̀dọ̀ wa dé pẹ̀lú ojú tó ti wọnú. Ni mo bá yọ ìwé ìwọ̀n mi. Mo kà á sókè létí àwọn nọ́ọ̀sì: mẹ́rìnlélógún, méjìlélógún, ogún ààbọ̀, pẹ̀lú déètì.

Muinat gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, láti oṣù kẹwàá lẹ ti ń rí i. Kíkọ lẹ wá ń kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo gba ìwé náà padà, mo pa á dé.

Dókítà Abọ́dúndé, obìnrin kékeré kan tó wọ jíìgí, jáde sí wa. Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, pé àwọn ti fa omi sí i lára, ó sì ti ń sọjí díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń tọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé lọ́sibítù náà, torí ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ. Ọmọ náà ti bẹ nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n yọ omi náà, ó sì ní ìbéèrè kan tí òun gẹ́gẹ́ bíi dókítà ò lè dáhùn. Ó ní kí a wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pariwo á jáde.

Jameelah dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì náà tóbi jù ú lọ. Bàbá rẹ̀ ló kọjú sí.

"Dádì, ṣé omi tí wọ́n fà sí mi lára ti ba ààwẹ̀ mi jẹ́? Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù."

Taoheed bi í pé ààwẹ̀ wo. Ọmọ náà wá ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń jíṣẹ́ fún un nílé: ohun tí Ààfáà sọ nípa oṣù mẹ́ta, ohun tí Ààfáà sọ nípa àdúrà aláàwẹ̀, iye ọjọ́ tí òun ti gbà, àti ìgbà méjì tí òun mu omi nítorí oòrùn mú, tí òun sì máa san án padà. Mi ò tíì rí ẹkún àbúrò mi láti ọjọ́ tí a sin bàbá wa. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, omijé ń bọ́ sí i lórí ọwọ́. Muinat ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, Taoheed nu ojú, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Muinat, mo ti..."

Gbogbo wa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ọjọ́ mẹ́fà ṣì kù, gbólóhùn kan péré ló fẹ́ sọ. Tí ẹ bá rántí, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ̀sìn béèrè, kò béèrè ti obìnrin. Ohun tí èmi náà fẹ́ ni, kí ilé àbúrò mi padà tò. Ṣùgbọ́n mo wo Muinat, mo rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, ojú ẹni tó gbọ́ tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ òun látìta. Mo wo Jameelah. Ọmọ náà ń wo ẹnu bàbá rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo di àbúrò mi lápá mú.

"Má sọ ọ́. Tó o bá sọ ọ́ lónìí, o ti kọ́ ọmọ yìí pé ebi ló máa fi pa ara rẹ̀ kí ilé wa tó lè dúró. Lọ́jọ́ tí o bá tún yadi sí ìyá ẹ̀, ọjọ́ mélòó lo fẹ́ kó tún gbà?"

Ó wò mí bíi pé mo dalẹ̀ rẹ̀. Bóyá mo dalẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Mo bi í bóyá ó fẹ́ Muinat padà àbí ojú ọmọ ló ń tì í. Ó gbé ojú kúrò lára Muinat, ó wo ilẹ̀. Mo wá sọ fún àwọn méjèèjì pé ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe, kí wọ́n sọ ọ́ fún ọmọ náà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹnu ara wọn, kí wọ́n máa wo ojú ara wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Muinat ló kọ́kọ́ dìde. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀, ó ní òun ò ní padà wá sí Muṣin, pé òun àti bàbá rẹ̀ ò ní jọ gbé mọ́. Ẹ̀rín kúrò lójú Jameelah. Ó wo omi tó ń kán nínú ọ̀rá tó so kọ́, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá torí ìyẹn ni.

"Rárá o. Ká ní ọdún kan lo fi gbààwẹ̀, ohun tí mo máa sọ náà nìyí. Èmi àti dádì ẹ ni. Kò sí nǹkan tó o ṣe kù."

Ó ti kan Taoheed. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo rò pé ó tún ti fẹ́ yadi, ara mi sì ti ń gbóná sí i. Àmọ́ ó yíjú sí Muinat, ó pè é lórúkọ, ó ní òun ò ní bá a du ọmọ níbi ìpàdé ọjọ́ Sọ́ńdè. Ó ní láti òní lọ, ohunkóhun tí òun bá fẹ́ sọ fún un, òun fúnra òun lòun máa pè é. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, kò sì dùn létí, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo. Ṣùgbọ́n fún bí oṣù mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ tó bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ láìrán ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun lòun jẹ̀bi.

Jameelah ronú sí i. Ó ní, "Tínú bá ń bí Dádì ńkọ́? Ta ló máa sọ ọ́?"

"Èmi náà ni," ni bàbá rẹ̀ wí. "Tínú bá tiẹ̀ ń bí mi."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó wá wo èmi náà, bíi pé ó ń dúró de ẹni tó máa yí ọ̀rọ̀ náà padà. Kò sẹ́ni tó yí i padà.

"Ṣé mo lè ṣíwọ́ báyìí?"

Mi ò mọ̀ bóyá ààwẹ̀ ló ń sọ, tàbí iṣẹ́ tí gbogbo wa ti ń rán an láti ọmọ ọdún méje. Mi ò bi í. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yí ojú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.